Ọjọ́ Tí Díákónì Ṣí Fìlà fún Mi

Arère tútù ní òórùn kan tí ẹni tó bá ti fi pákó ṣòwò rí kò lè gbàgbé. Ó dà bí omi fùfú tó ti sùn sínú ìkòkò. Bí òórùn yẹn bá kàn mí nímú lónìí, ìbáà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan àga, ara mi á kọ́kọ́ le, màá sì tún rí ara mi ní Katako, ọjà pákó wa ní Jọ́s, lórí àga olórí ẹgbẹ́ onípákó, tí hámà wà lórí ẹsẹ̀ mi, tí gbogbo ọjà ń wo ojú mi. Àwọn èèyàn rò pé ipò máa ń fún ni láyè. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹni tó débẹ̀: ìgbà tí n kò tíì jẹ oyè kankan ni mo rí ibi na ẹsẹ̀ sí.

Jọ́s ni wọ́n bí mi sí, Jọ́s náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Bàbá bàbá mi ló wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní òun fẹ́ wá ta aṣọ fún ọdún díẹ̀ kí òun tó padà sílé. Inú ọdún díẹ̀ ọ̀hún la ṣì wà títí di òní. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ṣì wà nílé ìwé gírámà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sì mú mi sọ́dọ̀. Díákónì ni gbogbo ọjà ń pè é nítorí ipò tó dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, orúkọ náà ni n óò sì máa pè é níhìn-ín. Pákó ló ń tà ní Katako. Ó kọ́ mi ní igi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Á ní kí n dijú, á gbé pákó lé mi lọ́wọ́, á ní kí n sọ irú igi tó jẹ́. Bí mo bá ṣì í, á ní kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n fi èékánná họ ọ́, kí n gbé e wò bóyá ó wúwo. Òun ló fi ẹrù pákó àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́ kí n lè dá dúró, láìgba ohunkóhun ṣe ìdúró. Òun ló jókòó sáyè bàbá mi lọ́jọ́ tí mo gbéyàwó, tó na ọwọ́ gba ìyàwó fún mi. Bí n bá ní mo ní bàbá méjì, n kò parọ́.

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ hámà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìjì kan jà lọ́dún kan, ó sì ká òrùlé gbọ̀ngàn ìpàdé kan bí ẹni ká ẹní. Ọlọ́run ló ṣe é tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ igi òrùlé náà wò, arère ni, igi rírọ̀ tí kò yẹ kó jáde kọjá iṣẹ́ sílíìnì, tí ẹnì kan ti fi ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú kùn kó lè jọ igi líle. Láti ìgbà náà ni àwọn kọ́lékọ́lé ti ń sá fún ọjà wa. Ẹgbẹ́ wá ní kí alágbẹ̀dẹ rọ hámà kan tí àmì àáké wà lójú rẹ̀. Pákó tó bá ń lọ sílé ìwé, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, olórí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì lu àmì náà sí ìdí rẹ̀. Èyí tí kò bá ní àmì, àwọn kọ́lékọ́lé kò ní gbé e.

Bí mo ṣe di olórí kò ṣẹ̀yìn wàhálà ìlú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Jọ́s mọ̀ pé ìgbà kan wà tí Mùsùlùmí kì í fẹ́ kọjá sí apá ọ̀dọ̀ Kristẹni, tí Kristẹni kì í sì í fẹ́ kọjá sí ti Mùsùlùmí. Ìpàdé ẹgbẹ́ tú ká lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ẹni tí yóò di hámà mú, nítorí pé kò sí ẹni tó fọkàn tán ẹnì kejì. Ẹnì kan ló wá ní kí wọ́n gbé e fún Yorùbá, pé nílé Yorùbá, ẹ̀gbọ́n á lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á padà dé wá jẹ nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Bí oyè ṣe já lé mi lórí nìyẹn, kì í ṣe nítorí ọgbọ́n mi. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ọgbọ́n mi ni. Mo ra fìlà tuntun, mo sì ń fi ẹsẹ̀ àpótí ìdáná ìyàwó mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu hámà, títí ó fi gbà á lọ́wọ́ mi tó fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí jẹ, Díákónì ló gbàdúrà. Nígbà tó ṣe tán, ó dì mí lápá, ó ní, "Hámà yìí kò mọ ọ̀rẹ́. Ìwọ náà, bí o bá ti gbé e, má mọ ọ̀rẹ́." Mo ṣe àmín tí wọ́n gbọ́ lódìkejì títì. Mo rò pé àdúrà ni.

Ó ṣe díẹ̀ sí i, nígbà ọyẹ́ kan tó mú gan-an, Díákónì ránṣẹ́ pé kí n wá lu pákó òun. Òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Dogon Dutse ló ń lọ. Inú mi dùn sí i, nítorí pé ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà fún un mọ́ nígbà náà. Èmi àti igbákejì mi la jọ lọ, ọkùnrin Hausa kan tí gbogbo wa ń pè ní Malam, tí òun náà ń ta pákó. Wọ́n ti to pákó náà dé ibi àyà mi, wọ́n ti fi ọ́ìlì kùn ún. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo wa la máa ń kùn ún nítorí ìkán. Mo gbé ọ̀kan. Ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo yọ ọ̀bẹ, mo fá ìdí rẹ̀ díẹ̀, ó funfun. Òórùn fùfú yẹn sì yọ jáde lábẹ́ òórùn ọ́ìlì. Mo fá òmíràn láàárín, mo tún fá ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo gbójú sókè, mo wo Díákónì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń run pákò, ó ń rẹ́rìn-ín ìyangàn sí mi. Ó ní, "Igi apá ni, ọmọ mi. Apá líle tó gbó dáadáa. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wọ ọjà yìí kẹ́yìn."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bá mi ṣeré. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín tán. Nígbà tí mo rí i pé kò ṣeré, mo ní hámà kò sí lọ́wọ́ mi, pé màá padà wá. Hámà náà sì wà nínú àpò tó wà léjìká mi, gbogbo wọn ń wò ó.

Èmi àti Malam padà sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Òun náà ti rí ibi tí mo fá. Ó bọ́ bàtà, ó bu omi láti ṣe àlùwàlá, ó wá wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń ṣàìsàn. "Shugaba," ó ní, "in ka buga masa, ka buga wa kowa." Ó pè mí ní olórí, ó ní bí mo bá lù ú fún un, gbogbo ayé ni mo lù ú fún. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kọjú sí ìlà oòrùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Díákónì nílé. Mo mú àwẹ́ pákó méjì dání, ọ̀kan nínú ti ọ̀dọ̀ rẹ̀, èkejì apá tòótọ́ láti ṣẹ́ẹ̀dì mi. Mo ti fá ojú méjèèjì. Ti apá pupa, ti arère sì funfun bí ẹyin. Ìyàwó rẹ̀ gbé kúnú gbígbóná fún mi, ó wọlé lọ. Mo kó igi méjèèjì sórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo ń wá ọ̀nà tí màá gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí pé a kì í sọ fún ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ pé kò mọ iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ wá wọn kàn, ó gbé ti arère, ó yí i sí ìhín, ó yí i sí ọ̀hún. Ibi funfun yẹn kọjú sí i gbangba nínú oòrùn àárọ̀.

Ó ní, "Èwo lo fá nínú wọn?"

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi gan-an ló ń wò, apá ibi tí ohùn mi ti ń wá ló kọjú sí.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀. Mo ń rí èèyàn bó bá sún mọ́ mi. Igi ni n kò rí mọ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ọjà kò tà lánàá. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ti ń gan nínú òtútù Jọ́s, làkúrègbé ti wọ ìka rẹ̀, ọ́ìlì sì ti bo òórùn igi náà mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ já igi fún un ti mọ̀ kí àwa tó mọ̀. Wọ́n já arère fún un, wọ́n ní apá ni, ó sì gbà. Ìgbà tí mo fá a tí mo dákẹ́ ni òun náà tó fura. Díákónì tó máa ń ní kí n dijú kí n lè mọ igi, ojú tirẹ̀ ti dì, igi sì ti tàn án jẹ.

Mo wá ọ̀nà àbáyọ. Mo ní kí a tà á fún àwọn tó ń da kọ́ńkéré, tí kì í lò ó ju ìgbà díẹ̀ lọ, kí èmi àti Malam ṣa apá láti ṣẹ́ẹ̀dì oríṣiríṣi fún ilé ìwé náà. Ó mi orí. Ó ní wọ́n á bèèrè ìdí. Ọjà á gbọ́ pé Díákónì ra arère ní apá, pé kò ríran mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ ọjà kankan tí kò ní máa yàn án jẹ, òun ò sì ní iṣẹ́ mìíràn láyé. Ó ní kí n lù ú ní ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, òun á ti ṣẹ́ẹ̀dì pa lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó ká mi mọ́: "Nígbà tí bàbá rẹ kú, mo bò ọ́. Ìwọ náà, bò mí."

Ó ní kí n ṣèlérí pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó mi pàápàá. Mo ṣèlérí. Ta ni yóò kọ̀? Ṣùgbọ́n bí mo ti jáde ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. N kò lè lu igi náà, n kò sì lè sọ ìdí tí n kò fi lù ú.

Ẹ máa sọ pé kí ló dé tí n kò gbé oyè náà sílẹ̀. Mo rò ó. Mo tilẹ̀ ti mọ irú ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Ṣùgbọ́n akápò ẹgbẹ́ ń wo àga yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja, ó sì ti ń sọ kiri pé èmi ti le jù, pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbé. Bí mo bá fipò sílẹ̀ láàárọ̀, yóò ti lu pákó Díákónì kí oòrùn tó wọ̀, yóò sì máa lu ti ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bí mo bá lọ, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo fi lù ú. Bí mo bá dúró, a jẹ́ pé mo ba bàbá mi jẹ́. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Ó tàn kálẹ̀ pé mo kọ̀ láti lu pákó Díákónì, àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn àgbààgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ dé, wọ́n kún yàrá mi láàárọ̀ kùtù, wọ́n ń pa òwe lé òwe. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Wọ́n ní ṣé torí pé mo ń di hámà mú fún Hausa àti Berom ni mo ṣe gbàgbé ẹni tó tọ́ mi. Mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń ní ẹ ṣeun, mo ń ní igi náà kò dára. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe é, mo tún ní kò dára. Lójú wọn, mo ti di ẹni tí oyè ń gùn. Ní ọjà pẹ̀lú, àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ń ṣẹ́jú síra wọn, wọ́n ń dúró kí wọ́n rí bí Yorùbá yóò ṣe ṣe é nígbà tó bá kan Yorùbá. Ìyàwó mi ló dùn mí jù. Òun pẹ̀lú pe Díákónì ní bàbá. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó dúró, ó ní, "Igi wo ni kò dára lójú ẹni tó kọ́ ọ nígi?" Mo wo ọbẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì. Ìgbà mìíràn wà tí mo kórìíra Díákónì nínú ọkàn mi nítorí ìlérí tó gbà lẹ́nu mi, mo sì ń sunkún bí ọmọdé lẹ́yìn náà.

Mo ṣe àṣìṣe kan, mo gba ọ̀nà Dogon Dutse kọjá. Wọ́n ti tú òrùlé ilé ìwé náà, wọ́n so tapólì mọ́ ògiri, atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbá a gbà-gbà-gbà, àwọn ọmọ sì ń pariwo ìṣirò lábẹ́ rẹ̀ kí olùkọ́ lè gbọ́ wọn. Ètè gbogbo wọn ti funfun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ tan ara mi pé pákó díẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni, ariwo wọn ni mo máa ń gbọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá kó pákó náà ni Díákónì wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Wọ́n ti to igi rẹ̀ síta níbẹ̀ kí n lè lù ú níṣojú gbogbo ayé. Àgbà méjì tẹ̀lé e. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ la igi pàápàá pa ẹ̀rọ wọn. Ó dúró níwájú mi, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orí pákó, ó wá di etí bẹ́ǹṣì mú kí eékún rẹ̀ lè rí ọ̀nà ilẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè máà mọ ohun tó wà nínú ìyẹn. Ó ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó tọ́ dàgbà, tí ọmọ náà dúró tó ń wò ó, ọmọ náà ti gba èpè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tó máa rí i tí kò ní sọ pé, "Ó tó, mo gbà." Díákónì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun ìjà kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

N kò ronú. Mo ṣubú lulẹ̀ gbalaja, mo dojú bo lẹ́búlẹ́bú igi. Bí èmi ti ń balẹ̀ ni eékún tirẹ̀ náà kanlẹ̀. Ó wà lórí eékún, èmi wà lórí ikùn, kò sì sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa tún lè lọ sísàlẹ̀ jùyẹn lọ. Obìnrin Berom kan tó ń ta pákó sílíìnì níwájú ọ́fíìsì wa bi Malam léèrè pé, "Me ya faru?", kí ló ṣẹlẹ̀. Malam ní, "Yarbawa ne." Yorùbá ni wọ́n. Bí kì í bá ṣe ibi tí mo wà, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

"Dìde," Díákónì ní.

"Bàbá, ẹ dìde ná."

"Dìde, kí o lu igi."

"Bàbá, bí ẹ bá ní kí n sùn síbí, màá sùn síbí. Bí ẹ bá fẹ́ gun ẹ̀yìn mi kọjá, ẹ gùn ún. Ọwọ́ mi kò ní kan hámà yẹn."

Lẹ́búlẹ́bú igi wọ̀ mí lẹ́nu. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò sí ẹni tó lè fa èyíkéyìí nínú wa dìde, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ló ti gbà. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ súre fún mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Rárá, Bàbá."

"Má sọ."

Ó di bẹ́ǹṣì mú, ó dìde. Ó na ọwọ́ láti mú fìlà rẹ̀. Ọwọ́ náà balẹ̀ sórí pákó lásán, ó lọ sápá òsì, ó lọ sápá ọ̀tún, fìlà náà sì wà níwájú rẹ̀ gbangba. Mo rí i láti ilẹ̀. Mo yára dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà lé e lọ́wọ́, mo sì tẹ orí ba bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà méjì náà pòṣé. Wọ́n rò pé mo ń tọrọ àforíjì. Díákónì dé fìlà rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé èjìká ọ̀kan nínú wọn, ó lọ.

Ilé ìwé náà rí apá láti ṣẹ́ẹ̀dì àwọn ẹlòmíràn, èmi ni mo lù ú, òrùlé náà ṣì wà níbẹ̀. Díákónì ti ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pa. Ọjà gbà pé ó fẹ́ yan àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ, pé ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ló mú un. Ó gbọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ ẹ. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é ní oníjìbìtì ju kí wọ́n pè é ní afọ́jú lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu mi ìbá fọ orúkọ rẹ̀ mọ́, ìlérí sì dí ẹnu náà. Ní àràárọ̀ ni mo ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó lọ sọ́jà, mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń ní ẹ káàárọ̀, Bàbá. Kò dá mi lóhùn rí. Ẹni tí Yorùbá bá kọ ìkíni rẹ̀ ni yóò mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n kò lé mi, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má ṣílẹ̀kùn fún mi. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fi mí jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àlejò. Mo jókòó síbẹ̀. Ìgbà tí a ti ibi ìsìnkú dé ni mo tó sọ òótọ́ fún ìyàwó mi, ó sì sunkún títí, n kò sì mọ ẹni tó ń sunkún fún nínú àwa méjèèjì.

N kò sí lórí àga yẹn mọ́. Obìnrin Berom tó ń ta pákó sílíìnì nígbà náà ló wà níbẹ̀ báyìí, èmi sì ni mo fi hámà lé e lọ́wọ́. Láìpẹ́ yìí, ó kọ̀ láti lu pákó ọkọ ọmọ mi kan, pákó tó ń lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Ọmọ mi wá, ó ń sunkún pé iṣẹ́ ọkọ òun fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ní kí n lọ bá obìnrin náà, pé bí mo bá kàn yọ sí i lásán, ó parí. Mo dé fìlà mi, mo lọ. Pákó náà wà lẹ́nu ọ̀nà, mo dúró, mo wò ó. Ó dúdú, ó gún, ó dára lójú mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé obìnrin yìí ti burú jù, kí ló tún ń wá lára apá tó gún báyìí.

Ó ti rí mi láti inú ọ́fíìsì. Bí mo ti ń gbé ọwọ́ sókè sí fìlà mi, ó jáde, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú lẹ́búlẹ́bú igi, ó ní, "Baba, sannu da zuwa." Bàbá, ẹ káàbọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń la igi ti ń pa ẹ̀rọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rántí pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo ní mo kàn wá kí i ni, pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí i. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó ní òun á sìn mí síta. Nígbà tí a dé ibi pákó, mo bi í pé irú igi wo nìyí. Ó tẹ̀ ba ọ̀kan nínú wọn.

"Arère ne, Baba. Ga farin nan." Arère ni, funfun rẹ̀ rèé. Ó ti fá a, ó na ìka sí i.

Mo wo ibi tó nà án sí. "Na gani," mo ní. Mo ti rí i.

N kò rí nǹkan kan. Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó wá dì mí lọ́wọ́ mú bí ọmọ ṣe ń di bàbá rẹ̀, ó mú mi gba orí gọ́tà kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ òtútù ọdún yìí sókè kí àwọn tó ń wò wá má baà gbọ́ ohun mìíràn. Títí di òní, kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Èmi ni mo ń sọ ọ́ yìí.